Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ẹni tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, àti ẹni tó ti ṣe é tán ṣùgbọ́n tí ikọ́ kò jẹ́ kó sinmi. N kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, nítorí náà ẹ má retí kí n pe orúkọ àìsàn bí àwọn dókítà ṣe ń pè é. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Bí ó bá rẹ̀ mí láàárín, n ó sinmi, n ó tún bẹ̀rẹ̀, torí bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn láti ọdún yẹn wá.

Sídíkátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, torí Kúdíráátù ni àkọ́bí mi. Agbo ilé ọkọ mi wà ní Béyerúnkà. Ọkọ mi ń lẹ táyà ní Oríta-mẹ́rin, èmi ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, mo sì ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì nígbà náà. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní Baba Alfa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, òun náà ni àwọn ará àdúgbò ń wá bá fún àdúrà, fún ìsọmọlórúkọ àti fún tírà. Ẹ má fi ojú ẹni tó ń rẹ́ni jẹ wò ó. N kò rí ọjọ́ kan tó dá iye lé tírà. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn níyàwó, ìyá ọkọ mi ti kú, Baba Alfa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún mi, tó ní kí n jókòó, kí n má ṣe bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Iju inú ilé ọmọ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mo ti bí mẹ́ta, àbíkẹ́yìn mi ti ń sáré, nígbà tí nǹkan oṣù mi di ohun tí kì í dá mọ́. N ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, nígbà tí n ó bá fi dìde, àga á ti rin. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Ilé ìwòsàn ńlá kan nínú ìlú ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún wa. Kí oòrùn tó yọ la ti máa ń débẹ̀, a ó fi káàdì lélẹ̀, a ó wá tò sórí bẹ́ǹṣì. Bí ẹ bá dìde lọ tọ̀, ẹ ti pàdánù ìjókòó yín nìyẹn. Ọdún yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń mú ìtọ̀ dúró.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Baba Alfa pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sínú bébà pélébé kan, ó ká a títí ó fi kéré, ó sì fi awọ rán an pa. Kò ju hóró ẹ̀wà méjì tí a lẹ̀ pọ̀ lọ. Ó fi òwú dúdú sí i.

“Ìyàwó,” ó ní, “ibàdí ni kí o so ó mọ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní o tú u, má bá wọn jà o. Tú u, kí o fún ọkọ ẹ. Tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ níta, ọ̀dọ̀ ẹ náà ló wà.”

“Ẹ ṣé, Baba.”

“Má sì gbé e wọ ilé ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.”

Èmi nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fún. Kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti rán ọkọ mi jáde lọ ra òwú àti omi dírípù, torí láyé ìgbà náà, ẹ̀yin alárùn lẹ ó ra gbogbo rẹ̀ wá láti ìta. Kò tíì dé nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú abọ́ irin kan.

“Madam, ẹ bọ́ gbogbo nǹkan ara yín. Yẹtí, òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, oǹdè, gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́.”

“Eyín mi ni gbogbo ẹ̀, mà.”

Mo wo inú abọ́ náà. Oǹdè àwọn tó ṣáájú mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tó ti já, gbogbo rẹ̀ wà papọ̀ bí ohun tí a gbá nílẹ̀. Ojú mi wá ọkọ mi títí, n kò rí i. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló ṣe mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, òkú rẹ̀ la gbé jáde. Mo kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń tú ìlẹ̀kẹ̀, mo já tírà náà kúrò ní ìdí, mo sì tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin agbo ilé wa pé bí àwọn kan ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ibi gbogbo ni nọ́ọ̀sì ń wò, wọn kì í wo ẹnu.

“Ṣé ó tán?” nọ́ọ̀sì bi mí.

Mo mi orí pé ó tán. N kò lè la ẹnu dá a lóhùn. Wọ́n tì mí wọlé, ọkùnrin kan gún mi lábẹ́rẹ́ lápá, ó ní kí n máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Mo ń kà á sínú. N kò rántí pé mo dé ẹẹ́rin.

Ohun tí mo rántí lẹ́yìn náà ni pé mo fẹ́ mí, kò sí ọ̀nà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ di imú àti ẹnu yín, kí ẹ wá fi gbogbo agbára àyà fa afẹ́fẹ́, bó ṣe rí nìyẹn, àfi pé kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀ tí n bá ká kúrò. Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹnì kan ń pe orúkọ mi, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n tètè gbé ẹ̀rọ kan wá. Lẹ́yìn náà nǹkan ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ wọlé, mo sì tún sùn lọ.

Nọ́ọ̀sì ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, wọ́n ti yọ iju, ibi tí mo ti ń jí ni ọ̀nà ọ̀fun mi ti dí. Ó ní mo fa èémí títí ìhà mi fi ń wọnú, ètè mi sì dúdú. Nígbà tí ọ̀nà fi máa ṣí, èémí tí mo ń fà tipátipá yẹn ti fa omi kún ẹ̀dọ̀fóró mi, ìfófòó tó pọ́n díẹ̀ ń tẹnu mi jáde. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn tí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá dí lẹ́yìn oògùn oorun. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi de ike afẹ́fẹ́ mọ́ mi lójú.

“Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ó ní. “A ò mọ ohun tó dí i.”

Mo fi ahọ́n wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Mo wá ti òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé mo ti gbé e mì, mo sì mọ ibi tí ohun tí a bá gbé mì ń gbà jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé póò fún mi, mo sunkún, nọ́ọ̀sì rò pé ojú abẹ ló ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n ní kí n má gbé wọ ilé ìgbẹ́, èmi ni mo gbé e gba inú ìfun débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé alfa ni mí, n kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé, Baba Alfa wá kí mi nínú yàrá.

“Tírà yẹn ńkọ́?”

“Nọ́ọ̀sì ló gbà á, Baba. Ó ti kó o dànù.”

“Kò burú,” ó ní. “Ìwọ ṣáà ti dé.”

Irọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Oṣù méje ni mo fi tọ́jú rẹ̀.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí ojú abẹ tó san. Ní àkọ́kọ́, ikọ́ lásán ni, mo ń di ikùn mú kí okùn tí wọ́n fi rán mi má baà já. Lẹ́yìn náà ni ibà wá ń dé nírọ̀lẹ́, òógùn á bò mí, àyà ọ̀tún á máa dùn mí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ikọ́ á gbé mi dìde. Òórùn ló wá burú jù. Kúdí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, “Màámi, ẹnu yín ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́.” Ó rọra sọ ọ́ ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

A padà sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n rí funfun nísàlẹ̀ ọ̀tún. Dókítà tó wò mí, ọ̀dọ́ ni, ojú òun náà rẹ̀, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní ó jọ ikọ́ ife. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò tí wọn kò rí kòkòrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kì í fi ìgbà gbogbo hàn. Ó bi mí bóyá ohun kan wà tí òun yẹ kí òun mọ̀. Mo ní kò sí. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń gún mi lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àìsàn tí wọ́n ń fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pè, ẹ mọ ìyókù. Wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀, ife mi sọ́tọ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá Baba Alfa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, òun ló ń bu oúnjẹ fún wọn. Kúdí fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í jẹun tí kò bá jẹ́ láti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń wá gba aṣọ tí n kò tíì gé pàápàá, wọ́n ní àwọn ti yí ọkàn padà. Ta ló fẹ́ wọ bùbá tí oníkọ́ rán? A ta ẹ̀rọ kan, owó rẹ̀ wọlé sínú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Dúpẹ́, fẹ́ ọkọ Aládùúrà, Kúdẹtì ni wọ́n ń gbé. Ó wá bá ọkọ mi.

“Baba Kúdí, ẹ jẹ́ n mú àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méje péré.”

“Ilé alfa ló wà, Ìyá Dúpẹ́. Kín ni ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ?”

“Tó bá kú, kín ni wọ́n máa sọ?”

Ọkọ mi wo Baba Alfa. Baba Alfa ní kí n máa lọ, pé Ọlọ́run kì í bínú ẹni tó ń wá ìwòsàn. Mo sì lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jó tùràrí lé mi lórí, tùràrí náà ń mú mi wúkọ́, bí mo bá sì ti wúkọ́, wọ́n á pariwo pé ó ti ń jáde. Nígbà tí mo padà sílé, hàntú ló kàn, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Lẹ́yìn hàntú, àgbo tí obìnrin kan júwe fún wa ní Ọjà'ba. Inú mi di ibi tí gbogbo ẹ̀sìn ti ń pàdé láìjà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó fẹ́ ibi fún mi. Wọ́n fẹ́ràn mi ni, ìfẹ́ náà sì rẹ̀ mí. Ẹni tó ń ṣàìsàn á tún máa tọ́jú ìrètí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, á máa sọ pé ó ti sàn díẹ̀ lónìí, kí wọ́n lè jẹun.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì dákẹ́. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé tírà náà ló ń pa mí. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn, n ó sì lé e padà. Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun. Nígbà tó di oṣù kẹfà, itọ́ náà kò funfun mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi ìwé gbé mi sọ́dọ̀ àgbà dókítà kan tí kì í wo nǹkan mìíràn ju àyà lọ. Ọkọ mi tẹ̀lé mi wọlé, ó jókòó tì mí. Dókítà náà gbé fọ́tò mẹ́ta sójú iná lẹ́sẹẹsẹ.

“Madam, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ṣé ẹ ń wúkọ́?”

“Rárá, sà.”

“Ọ̀fun yín dí nígbà tí ẹ ń jí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.”

“Kín ló wà lẹ́nu yín?”

“Kò sí nǹkan, sà.”

Ó dúró dè mí. Ó ní, “Ó dáa. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, pẹ̀lú ibi tó dé yìí, a ní láti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fáwọn ọmọ tó wà nílé lọ́la. Mélòó ni wọ́n?”

“Mẹ́ta, sà,” ọkọ mi dáhùn.

Dókítà fa ìwé kan sọ́dọ̀, ó mú bírò. Mo wo bírò náà. Ìdí Kúdí kò lẹ́ran rárá. Mo mọ bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ro, mo ti gbà á títí n kò fi lè jókòó dáadáa sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n máa gún ọmọ mi lójoojúmọ́ nítorí ohun tí mo mọ̀ tí n kò sọ.

“Ẹ dúró, sà,” mo ní. “Tírà ni.”

“Tírà kẹ̀?” ọkọ mi yíjú sí mi.

“Tírà ló wà lẹ́nu mi. Mo rò pé mo gbé e mì ni. Baba Alfa ló fún mi.”

Ọkọ mi dìde dúró. “Baba mi? Baba mi ló ní kí o gbé tírà sẹ́nu wọ tíátà?”

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò ju rárá lọ. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, ikọ́ sì gbà mí. Ó gbà mí títí mo fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Nígbà tó fi máa fi mí sílẹ̀, dókítà ti ń kọ̀wé, ọkọ mi ti jáde pẹ̀lú ìbínú, ìbéèrè náà ti kọjá. N kò pè é padà. Mo máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ikọ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ikọ́ fi pa mí lẹ́nu mọ́. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, èmi ni.

Àwọn tó ń bẹ̀rù oògùn oorun, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní wọ́n tún máa fún mi lẹ́ẹ̀kejì, torí irin gígùn kan tó níná lórí ni wọ́n máa kì bọ ọ̀fun mi lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀fun mi tún máa dí. Àgbà dókítà náà ní, “Madam, bí kò bá sí nǹkan lẹ́nu yín, tí kò sì sí nǹkan nínú yín, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa.” Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n la ẹnu, mo là á, mo tún gbé ahọ́n sókè kó wo abẹ́ rẹ̀. Mo jí, mo mí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kúrú tó.

Wọ́n gbé e sínú abọ́ kékeré hàn mí. Awọ rẹ̀ ti rà, ó ti dúdú, òwú ṣì wà lára rẹ̀. Dókítà ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yẹn ló ti dí mi lọ́fun, agbára tí mo fi ń fa èémí ló fà á wọnú ẹ̀ka ọ̀tún, ibẹ̀ ló jókòó sí. Ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Awọ àti bébà kì í hàn nínú fọ́tò. Ó ní apá kan níbẹ̀ kò ní padà sípò mọ́ láyé, ṣùgbọ́n n kò ní kú.

Baba Alfa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti wá láti Béyerúnkà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ọkọ mi kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan mú abọ́ náà, ó gbé e sí i lójú.

“Baba, ẹ̀yin lẹ fún un ní èyí kó gbé sẹ́nu? Ẹ̀ bá pa á!”

Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí wa. Baba Alfa wo inú abọ́, ó sì wò mí. Ó mọ̀ báyìí pé nọ́ọ̀sì kankan kò kó tírà dànù. Ó mọ ohun tó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró kó sọ ọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́, kó lè tán.

“Ẹ má bínú,” ó wí fún nọ́ọ̀sì tí kò tó ọmọ rẹ̀ kékeré.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà'ba. Àwọn èèyàn kó ọmọ wọn kúrò ní kéwú, díẹ̀ díẹ̀, láìbá a jà. Kò rán tírà fún ẹnikẹ́ni mọ́, bí ẹni tó fẹ́ lọ ilé ìwòsàn bá wá bá a, àdúrà ló ń ṣe fún un, á wá ní kó ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Ọkọ mi ń kí i láàárọ̀ torí a kì í má kí bàbá ẹni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kúdí kọ oúnjẹ rẹ̀. Ó ní òun kò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa ìyá òun. Mo ń rí gbogbo rẹ̀. Mo ń sanra, èémí mi ń padà bọ̀, àwọn oníbàárà ń padà wá, wọ́n ń kẹ́ mi bí ẹyin. Ìkẹ́ náà dùn mọ́ mi. Kò sí àwíjàre kankan tí n ó fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lóun nìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀.

“Baba, ẹ dárí jì mí. Ibàdí lẹ ní kí n so ó mọ́. Èmi ni mo gbé e sẹ́nu.”

“Mo mọ ohun tí mo sọ,” ó ní.

“Kín ló dé tí ẹ ẹ̀ sọ fún wọn?”

Ó ní, “Bí wọ́n bá kọjú sí ẹ lọ́jọ́ yẹn, èémí wo lo fẹ́ fi dá wọn lóhùn? Èmi ní èémí.”

Mo sunkún. Mo bi í bóyá kí n lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní nígbà tí ara mi bá gbé e ni kí n sọ ọ́. Ó kú lọ́dún kejì, ara mi kò sì tíì gbé e. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e kọjá, mo wà níbẹ̀, ọkọ mi ń sunkún, n kò sì sọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Mo wà láàyè. Bí mo bá ń gun òkè Màpó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ọyẹ́ kò bá mi lára mu, èéfín kò bá mi lára mu, ikọ́ àárọ̀ kò sì fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ sí èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, torí ẹsẹ̀ títẹ̀ ń gba èémí. Bí wọ́n bá ń gbé yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ bọ́ gbogbo ohun tó wà lára yín, ẹ la ẹnu yín kí wọ́n wò ó, kódà bí wọn kò bá bi yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú máa tì yín. Ẹ jẹ́ kó tì yín, ó ń kọjá.

Kúdí ti parí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, nítorí náà mo ní kó bá mi da ìwé yìí kọ. Orí tábìlì kan náà la wà báyìí, òun ń da àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ kọ, èmi ń kọ ti ìparí. Ó ti dé ibi tí Baba Alfa ti pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bírò rẹ̀ ti dúró.

“Màámi,” ó ní, “Baba Alfa kọ́?”

“Òun kọ́. Èmi ni.”

Ó ti fi ọwọ́ bojú. N kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ máa sọ bó bá ti Oríta-mẹ́rin dé. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó máa kọ ọ́ lọ bó ṣe wà níbẹ̀, kó má sì yọ orúkọ mi kúrò.